Yìnyín tó ń jóná lábẹ́ òkun: Ìtàn gáàsì tí ayé ti rí, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí tà

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló ti rí Angondjé lórí tẹlifíṣọ̀n láì mọ orúkọ rẹ̀. Àdúgbò náà wà ní àríwá Libreville, olú ìlú Gabon. Ibẹ̀ ni pápá ìṣeré tí Zambia ti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2012 wà. Ibẹ̀ náà ni Cameroon ti na Egypt ní ayò 2-1 ní oṣù Kejì, ọdún 2017, tó sì gbé ife lọ sílé.

Orílẹ̀-èdè China ló bá Gabon kọ́ pápá ọ̀hún. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Cameroon gbé ife náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, China kéde pé òun ti fa gáàsì jáde láti inú yìnyín tó wà lábẹ́ Òkun Gúúsù China. Ìròyìn náà tàn káàkiri, àwọn kan sì ń sọ pé ohun tí yóò rọ́pò epo rọ̀bì ti dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé irú yìnyín bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ òkun Gabon fúnra rẹ̀. Ó wà lábẹ́ òkun Nàìjíríà, ti Congo àti ti Angola pẹ̀lú.

Ṣé ọrọ̀ tó fara pamọ́ ni, àbí ewu? Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì ti ń bá yìnyín yìí wọ̀yá ìjà. Ohun tí ìtàn wọn fi hàn ni pé rírí rẹ̀ kò le, níní rẹ̀ ló le.

Kí ni yìnyín gáàsì?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni gas hydrate. Omi àti gáàsì ló ń pàdé níbi tí òtútù wà, tí ìfúnpá sì pọ̀, ìyẹn agbára tí ìwúwo omi òkun àti ilẹ̀ fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Omi náà yóò dì, àwọn ègé rẹ̀ tíntìntín tí ojú kò lè rí yóò sì so kọ́ra bí àgò adìẹ. Inú àgò yìí ni gáàsì, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní methane, yóò há sí.

Bí ẹ bá gbé e lé ọwọ́, ẹ ó rò pé yìnyín lásán ni. Àmọ́ bí ẹ bá ṣáná sí i, yóò gbiná, omi yóò sì máa kán sílẹ̀ lábẹ́ iná náà.

Gáàsì tó há sínú rẹ̀ kò kéré rárá. Ẹ jẹ́ ká mú òkúta yìnyín gáàsì kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kúbíìkì mítà kan nìyẹn. Bó bá yọ́ tán, gáàsì inú rẹ̀ yóò kún àyè tó tó 160 kúbíìkì mítà. Tí a bá wọn methane náà, yóò wúwo tó gáàsì inú sílíńdà oní-kílò 12.5 mẹ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì ìdáná tí wọ́n ń rọ sí sílíńdà kì í ṣe methane.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti lè wà. Omi etíkun Angondjé, níbi tí àwọn apẹja ti ń ju àwọ̀n, kò jìn tó, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ìhà tiwa yìí, òkun gbọ́dọ̀ jìn tó nǹkan bíi 500 sí 600 mítà kí yìnyín gáàsì tó lè dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá jìn tó 1,000 mítà, òtútù ibẹ̀ máa ń sún mọ́ ti inú fíríìjì, bó ti wù kí oòrùn mú tó lókè.

Yàtọ̀ sí abẹ́ òkun, ó tún wà lábẹ́ ilẹ̀ tó dì gbagidi ní àwọn ibi bíi Siberia, Alaska àti àríwá Canada.

Láti ilé àyẹ̀wò dé inú ọ̀pá gáàsì

Lọ́dún 1810, Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé gáàsì chlorine lè dì pọ̀ mọ́ omi. Lọ́dún 1823, Michael Faraday tó jẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ wọn iye chlorine àti iye omi tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1888, Paul Villard láti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé methane náà lè dì bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ohun ìyanu inú ilé àyẹ̀wò lásán ló jẹ́. Kò sẹ́ni tó rò pé ó lè wúlò, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó lè pa èèyàn lára.

Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́dún 1934. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi ọ̀pá gbé gáàsì kiri ní Amẹ́ríkà ń rí i pé ọ̀pá wọn ń dí, wọ́n sì gbà pé omi inú ọ̀pá ló ń di yìnyín. Àmọ́ ọ̀pá náà ń dí kódà nígbà tí ojú ọjọ́ kò tutù tó èyí tí omi fi lè dì. Hammerschmidt, onímọ̀ kan níbẹ̀, ló fi hàn pé kì í ṣe yìnyín omi lásán ló ń dí i, yìnyín gáàsì ni.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀tá ni yìnyín yìí jẹ́ fún àwọn tó ń wa epo àti gáàsì, títí di òní. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo láti inú ibú ní pápá epo Bonga lọ́dún 2005, omi ibẹ̀ jìn ju 1,000 mítà lọ. Ti Egina, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin ọdún 2018, tún jìn jù bẹ́ẹ̀. Níbi tó jìn tó báyìí, bí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá da aṣọ ooru bo ọ̀pá, tàbí kí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, yìnyín gáàsì lè dí i pa.

Ìgbà tí ọ̀tá di ọrọ̀

Àwọn onímọ̀ Soviet ló kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì. Ní àwọn ọdún 1960, Yuri Makogon fi ìdánwò hàn pé yìnyín gáàsì lè wà nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ọ̀pá débẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iye gáàsì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tó dì ní Siberia yóò pọ̀ ju ohun tí wọ́n ti ń rò lọ.

Wọ́n tọ́ka sí Messoyakha, pápá gáàsì kan ní Siberia. Wọ́n ní lára gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ló ń ti inú yìnyín wá bí wọ́n ṣe ń fa gáàsì abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ní gáàsì lásán ni. Títí di òní, àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà níbẹ̀. Bí gáàsì bá ti jáde lẹ́nu kàǹga, kò ní sọ ibi tó ti wá fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ ti wọn ilẹ̀ náà dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Láàárín ìgbà náà, wọ́n tún ń rí i lábẹ́ òkun. Bí ọkọ̀ ojú omi bá rán ariwo sí ìsàlẹ̀ òkun, ariwo náà máa ń gbá padà láti ara ilẹ̀. Ní Blake Ridge, ní ìhà gúúsù ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ariwo náà tún ń gbá padà láti ibì kan tó jìn sísàlẹ̀ síi, tó sì ń tẹ̀ lé ojú ilẹ̀ òkun bí òjìji. Àwọn onímọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni yìnyín parí sí, tí gáàsì tí kò dì sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1970, ọkọ̀ ìwádìí gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1995, òmíràn padà lọ, ó sì gbé yìnyín náà gan-an jáde.

Láti ìgbà náà, irú òjìji yìí ni wọ́n fi ń wá yìnyín gáàsì kárí ayé. Òjìji yẹn kan náà ni wọ́n rí ní iwájú Niger Delta nígbà tí ọdún 1990 sí 1999 fi ń lọ sópin.

Bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wo inú ilẹ̀

Òjìji lè sọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò lè sọ bó ti pọ̀ tó, kò sì lè sọ bóyá yóò jáde. Àwọn ohun méjì ló ń dáhùn ìyẹn: ìdánwò nínú kàǹga, àti àwòṣe orí kọ̀ǹpútà.

Láti ṣe àwòṣe, wọ́n máa ń pín ilẹ̀ náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀kù kéékèèké, bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù ilé. Fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ti gbóná tó, bí ìfúnpá ibẹ̀ ti pọ̀ tó, iye yìnyín, omi àti gáàsì tó wà nínú rẹ̀, àti bí omi ṣe lè rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà yóò máa ṣírò ohun tí búlọ́ọ̀kù kan yóò ṣe sí èkejì bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi kúrò.

Ó le ju ti gáàsì lásán lọ. Gáàsì lásán kàn ń sá jáde ni. Yìnyín gáàsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́, bó sì ti ń yọ́ ló ń gba ooru lára ilẹ̀ tó yí i ká. Ilẹ̀ náà yóò wá tutù, bó bá sì tutù jù, yìnyín náà lè dáwọ́ yíyọ́ dúró, tàbí kó tún dì padà sí ojú ọ̀nà tí gáàsì fẹ́ gbà kọjá.

Iléeṣẹ́ ìwádìí Lawrence Berkeley ní California kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún irú ìṣirò yìí tí wọ́n ń pè ní TOUGH+HYDRATE. Àwọn ará Japan náà kọ tiwọn. Iléeṣẹ́ tó ń mójú tó agbára ní Amẹ́ríkà wá kó àwọn tó ni irú ètò bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n fún gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà láti mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn yóò bá ara mu.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ. Ìdí nìyí tí ìdánwò inú kàǹga fi ṣe pàtàkì. Ní Mount Elbert, ní Alaska, lọ́dún 2007, wọ́n sọ ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sínú kàǹga, ẹ̀rọ náà fa omi díẹ̀ jáde, ó sì wo bí ìfúnpá ṣe ń wálẹ̀ àti bó ṣe ń padà gòkè. Àbájáde yẹn ni àwọn tó ń ṣe àwòṣe fi yẹ ìṣirò wọn wò, bí ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n ọjà yẹ òṣùwọ̀n ilé wò.

Ooru kùnà, iyanrìn dí ọ̀nà

Mallik, ní àríwá Canada, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán fífa gáàsì náà wò dáadáa. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ láti Japan, Canada àti orílẹ̀-èdè mìíràn da omi gbígbóná sínú kàǹga fún ọjọ́ márùn-ún. Gáàsì jáde lóòótọ́, àmọ́ gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 500 kúbíìkì mítà lọ. Ooru tí wọ́n fi yọ́ ọ náwó ju ohun tó jáde lọ.

Nígbà tí wọ́n padà lọ lọ́dún 2008, wọn kò da omi gbígbóná mọ́. Ńṣe ni wọ́n fa omi kúrò nínú kàǹga kí ìfúnpá lè wálẹ̀, kí yìnyín náà lè yọ́ fúnra rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́fà, nǹkan bíi 13,000 kúbíìkì mítà jáde. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà ẹ̀sọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìdánwò ńlá tó tẹ̀ lé e gbà.

Japan kò ní epo rọ̀bì tó nǹkan, ìdí nìyí tó fi náwó sórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ Chikyu fa gáàsì jáde láti abẹ́ òkun ní ibi tí wọ́n ń pè ní Nankai Trough. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ṣe irú ìdánwò yẹn lójú òkun. Nǹkan bíi 120,000 kúbíìkì mítà jáde ní ọjọ́ mẹ́fà, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni iyanrìn dé. Yìnyín ló ń so iyanrìn abẹ́ òkun náà pọ̀, bí símẹ́ǹtì ṣe ń so búlọ́ọ̀kù. Bí yìnyín ti yọ́, iyanrìn kò rí ohun tó dì í mú mọ́, ó bá gáàsì wọ inú kàǹga, wọ́n sì ní láti dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ àwòṣe tó wà kí wọ́n tó lọ ló gbájú mọ́ omi, ooru àti gáàsì. Iyanrìn ló kọ́ wọn ní ohun tí kọ̀ǹpútà kò sọ.

Lọ́dún 2017, Japan padà lọ pẹ̀lú kàǹga méjì. Iyanrìn tún da iṣẹ́ ọ̀kan rú láàárín ọjọ́ méjìlá. Èkejì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 24, nǹkan bíi 200,000 kúbíìkì mítà sì jáde.

Ọdún kan náà ni ti China, tó fa nǹkan bíi 309,000 kúbíìkì mítà ní ọgọ́ta ọjọ́ níbi tí wọ́n ń pè ní Shenhu. Lọ́dún 2020, China padà síbẹ̀, ó gbẹ́ kàǹga tó dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ilẹ̀, ó sì fa 861,400 kúbíìkì mítà ní ọgbọ̀n ọjọ́.

Iye náà dà bí ẹni pé ó pọ̀. Tí a bá pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò tó 29,000 kúbíìkì mítà lójúmọ́. Kàǹga gáàsì ńlá kan ṣoṣo lójú òkun lè mú ju mílíọ̀nù kan lọ jáde lójúmọ́. Lẹ́yìn gbogbo ariwo wọ̀nyí, kò tíì sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń ta gáàsì abẹ́ òkun yìí lọ́jà.

Ní òpin ọdún 2023, Amẹ́ríkà àti Japan tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn ní Alaska, èyí tó wọ ọdún 2024. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí ilẹ̀ náà yóò ṣe máa hùwà bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, torí èyí ni àwòṣe kò lè sọ láìsí ẹlẹ́rìí.

Kòtò ńlá tó wà lábẹ́ òkun Gabon

Ní ìhà tiwa, ohun tó kọ́kọ́ fa ojú àwọn onímọ̀ mọ́ra ni àwọn kòtò tó wà nílẹ̀ òkun. Láàárín ọdún 1998 sí 2001, Ifremer, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti ilẹ̀ Faransé, àti iléeṣẹ́ epo Total ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní ZaïAngo ní iwájú ibi tí Odò Congo ti ń wọ òkun.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí kòtò gbàràmù kan ní etí ilẹ̀ abẹ́ òkun Gabon. Wọ́n sọ ọ́ ní REGAB. Ó fẹ̀ tó 800 mítà, ó sì wà ní ibi tí omi ti jìn ju 3,000 mítà lọ. Wọ́n rán róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Victor wọ ibẹ̀ lọ. Ohun tó rí ya àwọn tó wà lókè lẹ́nu: yìnyín gáàsì wà níbẹ̀, methane ń tú jáde láti inú ilẹ̀, àwọn ẹ̀dá inú ìkarahun àti àwọn kòkòrò gígùn bí ekòló sì pọ̀ lọ súà yí i ká. Oòrùn kò dé ibẹ̀ rárá. Gáàsì tó ń tú jáde ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ wọn, nípasẹ̀ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń lò ó.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ ìwádìí Pourquoi pas? ti Ifremer wá lọ́dún 2008 àti lọ́dún 2011 sí àwọn kòtò tó wà ní iwájú Niger Delta, níbi tí omi ti jìn ju 1,000 mítà lọ. Lọ́dún 2011, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kan tó ń jẹ́ MeBo dání, èyí tí àwọn onímọ̀ yunifásítì Bremen ní Jámánì ṣe. Ilẹ̀ òkun gan-an ni ẹ̀rọ náà ń jókòó sí láti gbẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún lo ẹ̀rọ mìíràn tó ń ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá dé ibi tí yìnyín wà, ẹrẹ̀ yóò le sí i, ẹ̀rọ yóò sì kọ bí agídí rẹ̀ ti pọ̀ tó sílẹ̀. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n gbé lọ sínú ìṣirò wọn.

Nabil Sultan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifremer gbé àbájáde jáde lọ́dún 2010 àti 2014. Wọ́n ní kì í ṣe dandan kí ìbúgbàù ló fa irú àwọn kòtò bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó ń gòkè wá lè di yìnyín kíákíá nínú ẹrẹ̀. Bí gáàsì náà bá dín kù, yìnyín yóò máa yòrò sínú omi bí iyọ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ orí rẹ̀ yóò sì máa rì.

Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀pá tàbí ẹ̀rọ epo kalẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ tó dà bíi pé ó le gbagidi lónìí lè jẹ́ pé yìnyín ló gbé e dúró.

Ṣé ó wá pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan náà sí i ni iye rẹ̀ ń dín kù. Lọ́dún 1988, Keith Kvenvolden, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé carbon inú yìnyín gáàsì ayé tó nǹkan bíi 10,000 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ìyẹn ìlọ́po méjì ti gbogbo epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú ayé. Ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn ń tún sọ.

Lọ́dún 2004, Alexei Milkov tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti rí nínú kàǹga. Ohun tó rí wà láàárín 500 sí 2,500 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ó ṣì pọ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pariwo tẹ́lẹ̀.

Nínú èyí tó sì kù, ọ̀pọ̀ ló wà nínú ẹrẹ̀ àti amọ̀, níbi tí gáàsì kò ti lè rí ọ̀nà gbà jáde. Ray Boswell àti Timothy Collett, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé èyí tó wà nínú iyanrìn ló súnmọ́ ohun tí èèyàn lè fà, èyí ni ó sì kéré jù. Yìnyín tí wọ́n rí nínú àwọn kòtò iwájú Niger Delta, inú ẹrẹ̀ àti amọ̀ ló wà.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Lọ́dún 2010, nígbà tí kàǹga epo iléeṣẹ́ BP bú gbàmù ní Gulf of Mexico, wọ́n sọ àpótí irin ńlá kan kalẹ̀ láti bo ibi tí epo ti ń tú jáde. Omi ibẹ̀ jìn tó 1,500 mítà. Bí gáàsì ti pàdé omi tútù nínú àpótí náà, yìnyín gáàsì dì, ó dí ẹnu ọ̀nà epo, wọ́n sì ní láti gbé àpótí náà kúrò. Epo náà kò dúró títí di oṣù Keje.

Ewu kejì ni ti ojú ọjọ́. Bí methane bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́, láàárín ogún ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po ọgọ́rin. Òótọ́ ni pé èyí tó bá tú jáde nínú ibú sábà máa ń yòrò sínú omi kó tó dé òkè. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fa gáàsì yìí gbọ́dọ̀ fi dá aráyé lójú pé kò ní máa jò.

Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kò ní wo ẹnu àáké. Ní ti oyin yìí, ìtàn Mallik, Nankai àti Gulf of Mexico fi hàn pé àáké ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Kí ló kan ará Èkó, Cotonou tàbí Libreville?

Nàìjíríà ní gáàsì lásán tó ju 200 trillion cubic feet lọ, láì ka yìnyín kankan mọ́ ọn. Òfin tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ epo dẹ́kun fífi iná sun gáàsì ti wà láti ọdún 1979, ọjọ́ tó sì dá fún wọn ni ọjọ́ kìíní ọdún 1984. Títí di òní, iná náà ṣì ń jó lẹ́nu ọ̀pá ní Niger Delta, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń fi igi àti èédú dáná. Ní Gabon náà, wọ́n ṣì ń sun gáàsì.

Nítorí náà, kò sí ìdí fún ìjọba kankan ní ìhà tiwa láti máa sáré lé yìnyín tó wà nínú ibú kó tó lo èyí tó wà lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dé pẹ̀lú àwòrán aláràbarà pé ọrọ̀ tuntun wà lábẹ́ òkun, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í ni èyí: Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi dán an wò? Gáàsì mélòó ló jáde? Inú iyanrìn ló wà ni, àbí inú amọ̀? Ta ni yóò san án bí ilẹ̀ bá rì?

Àmọ́ mímọ̀ nípa rẹ̀ ṣe pàtàkì. Àwọn ọ̀pá epo ti wà nínú ibú náà, òmíràn ṣì ń bọ̀. Ọkọ̀ Faransé àti ẹ̀rọ Jámánì ló wọn ilẹ̀ abẹ́ òkun Nàìjíríà, róbọ́ọ̀tì Faransé ló sì rí kòtò Gabon. Wọ́n ti tẹ àbájáde wọn jáde, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á.

Ohun tó kù ni kí àwọn yunifásítì àti àjọ ìjọba ní ìhà ibí náà ní ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tó lè wọn ilẹ̀ yìí fúnra wọn, kí wọ́n sì lè yẹ ìṣirò ẹlòmíràn wò. Ẹni tí kò bá lè wọn ọjà rẹ̀, iye tí oníbàárà bá pè ni yóò gbà.